Dán Ọdún Wò Lórí Ẹní Kí Ó Tó Dé Oko

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, bí ẹ bá gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè, tàbí tí ẹ yà ní Ìyànà Ọ̀fà lọ sí Lálúpọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná. Wọ́n ti ṣán oko, wọ́n ti kọ ebè, àpò irúgbìn àgbàdo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé kí a gbìn ín lónìí ni, àbí kí a ní sùúrù?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá tètè gbìn, tí òjò sì ń bá a lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé àgbàdo tútù dé ọjà nígbà tí owó ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tètè gbìn, tí òjò wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ ni èéhù yóò ṣe rọ, yóò gbẹ, òun náà yóò sì tún lọ ra irúgbìn mìíràn. Ẹni tó dúró di ìparí oṣù Igbe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dá yẹn, ṣùgbọ́n ọjà á ti kún kí tirẹ̀ tó gbó.

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ọ̀la kò ní ojú kan. Wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ gbọ́ òwe náà. Kò sọ pé kí a béèrè lẹ́ẹ̀kan kí a sì lọ sùn. Ó ní kí a máa béèrè léraléra, nítorí pé ohun tó ń yí padà ni a ń bá fínra. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bá òwe yìí tan. Ó jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi alẹ́ kan ṣoṣo bi ọ̀la léèrè nígbà ọgọ́rùn-ún, lórí ẹní, nínú ilé rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí iye ìdáhùn tó rí gbà á nímọ̀ràn.

Gègé mẹ́wàá àti ìwé kan

Ohun èlò rẹ̀ kò ju ohun tó wà nílé lọ. Ẹ gé ìwé pélébé mẹ́wàá dọ́gbadọ́gba, ẹ kọ 0 títí dé 9 sí wọn lára, ẹ ká wọn bákan náà, ẹ dà wọ́n sínú igbá. Gègé ni a fẹ́ ṣẹ́. Ẹ mi igbá náà, ẹ mú ìwé kan láìwòye, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá ìwé náà padà, ẹ tún mi igbá. Dídá a padà yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ló jẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà ní àǹfààní kan náà ní gbogbo ìgbà. Nọ́ńbà tó bá ń jáde báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ èyí tó kàn, ni mo ń pè ní nọ́ńbà àìsọtẹ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gé ìwé lè lo owó náírà. Nọ́ńbà wà lára owó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò. Owó tó ti ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn bọ̀ nínú ọjà ló dára fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ má ṣe lo ìdì owó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báńkì jáde, nítorí nọ́ńbà wọn tò tẹ̀léra: bí ọ̀kan bá parí sí 4, èkejì yóò parí sí 5. Ohun tó bá ti létò tí ojú lè tọ̀ kì í ṣe gègé mọ́. Ìdí kan náà nìyẹn tí ayò ọlọ́pọ́n kò fi wúlò fún iṣẹ́ yìí, tí dáìsì lúdò sì wúlò. Ọgbọ́n orí ni ayò, kò sí ṣèèṣì kankan nínú rẹ̀.

Ó wá ku ká mú òjò wọnú igbá. Gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ pé òjò ń fa òjò, ọ̀dá sì ń fa ọ̀dá: ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ òjò sábà máa ń ní òjò ju ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ gbígbẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà, fún àpẹẹrẹ, pé ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, bí òjò bá rọ̀ lónìí, ọjọ́ márùn-ún nínú mẹ́wàá ni yóò tún rọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí kò bá rọ̀ lónìí, ọjọ́ méjì péré nínú mẹ́wàá ni yóò rọ̀ lọ́la. Òfin gègé wa nìyí: lẹ́yìn ọjọ́ òjò, 0 títí dé 4 túmọ̀ sí òjò, lẹ́yìn ọjọ́ gbígbẹ, 0 àti 1 nìkan ló túmọ̀ sí òjò. Ká tún gbà pé bí ọjọ́ méje bá gbẹ tẹ̀léra láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, èéhù yóò kú.

A gbìn lọ́jọ́ òjò. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ gègé, àwọn nọ́ńbà tó jáde sì nìyí: 7, 3, 9, 1, 6, 4, 8, 5, 2, 9, 6, 3, 8, 0. Ọjọ́ kìn-ín-ní, 7: kò rọ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, 3 àti 9: kò rọ̀, nítorí ọjọ́ gbígbẹ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọjọ́ kẹrin, 1: òjò dé, ọkàn àgbẹ̀ balẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, 6: kò rọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, 4, 8, 5, 2, 9, 6, 3, 8, kò sí 0, kò sí 1. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ilẹ̀ fi gbẹ kí òjò ọjọ́ kẹrìnlá tó dé, kò sì bá ohun tí yóò bomi rin mọ́. Ọdún àfarawé kan lọ báyìí. Ẹ fa ìlà kan sábẹ́ “ó kú”, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ọdún mìíràn.

Bí ẹ bá ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ọdún irú èyí, ẹ ó rí i pé irúgbìn kú nínú nǹkan bíi 43. Ó lè jẹ́ 38, ó lè jẹ́ 49, ṣùgbọ́n àyíká ibẹ̀ ni yóò máa wà. Ẹ wá yí òfin padà sí ti ìparí oṣù Igbe, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ẹ gbà pé lẹ́yìn ọjọ́ òjò, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni òjò yóò rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ gbígbẹ, mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún, nǹkan bíi mẹ́sàn-án péré ni irúgbìn yóò kú. Láti 43 sí 9! A ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé “ó léwu díẹ̀ láti tètè gbìn”, ṣùgbọ́n “díẹ̀” kò ní òṣùwọ̀n. Gègé ti wọ̀n ọ́n fún wa báyìí. Àgbẹ̀ lè wá fi èrè àgbàdo tútù àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi owó irúgbìn àti owó iṣẹ́ tó lè ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì pinnu. Ó sì lè gbin ìdá mẹ́ta oko ní àkọ́rọ̀, kí ó fi ìyókù dúró de òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ihò tí kò hù

Ọgbọ́n kan náà wúlò fún ìbéèrè mìíràn tó sún mọ́ ọn: irúgbìn mélòó ni ká jù sínú ihò kan? Kí ẹ tó gbìn, ẹ ka ọgọ́rùn-ún irúgbìn sórí àpò tútù, ẹ bò wọ́n, kí ẹ wo iye tó hù lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Ká ní 80 ló hù. Nínú gègé wa, 0 àti 1 di irúgbìn tó kú, 2 títí dé 9 di èyí tó hù. Bí ẹ bá ń fi irúgbìn kan sí ihò kan, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ihò ni yóò ṣófo. Bí ó bá jẹ́ méjì, ó di mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, kò pé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irúgbìn èṣí tí kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀, tó jẹ́ pé 60 péré ló hù, irúgbìn méjì nínú ihò yóò fi ihò mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣirò lásán lè sọ gbogbo èyí fún wa, òótọ́ ni. Ohun tí gègé fi kún un ni bí nǹkan ṣe lè yàtọ̀ láti oko dé oko. Ẹ ṣẹ́ gègé fún ààdọ́ta ihò, irúgbìn méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irúgbìn tí 80 ń hù nínú rẹ̀. Méjì ni ihò tó yẹ kó ṣófo. Bí ẹ bá tún un ṣe léraléra, nígbà mìíràn ẹ kò ní rí ihò òfìfo kankan rárá. Nígbà kan nínú nǹkan bí ogún, ẹ ó rí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ méjì lè ra irúgbìn kan náà lọ́wọ́ ẹnìkan, kí wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, kí oko ẹnìkan kún dẹ́dẹ́, kí ti ẹnì kejì ní àlàfo márùn-ún. Kí a tó fẹ̀sùn kan ẹni tó ta irúgbìn, tàbí kí a tó sọ pé ayé ń bá wa jà, ó yẹ ká kọ́kọ́ bi gègé bóyá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wáyé fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta káàdì

Ọgbọ́n yìí ní orúkọ lágbàáyé. Ní ọdún 1946, onímọ̀ ìṣirò kan, Stanislaw Ulam, ọmọ Poland tó ti di ará Amẹ́ríkà, ń gbádùn ara rẹ̀ bọ̀ láti inú àìsàn. Ó ń fi káàdì dá nìkan ta láti fi pa ọjọ́. Ó wá bi ara rẹ̀ pé nínú ìgbà mélòó ni irú títa bẹ́ẹ̀ máa ń yọrí sí rere? Ó fi ìṣirò wá a títí, ó rí i pé ó díjú ju bó ṣe rò lọ. Èrò mìíràn wá sọ sí i lọ́kàn: kí ló dé tí n kò kúkú tò ó nígbà ọgọ́rùn-ún, kí n ka iye ìgbà tó yọrí sí rere? Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, John von Neumann. Ní Los Alamos, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí agbára átọ́míìkì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà náà tọpasẹ̀ àwọn èérún kéékèèké inú átọ́mù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ENIAC, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Nicholas Metropolis tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Monte Carlo, orúkọ àdúgbò tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Monaco, nítorí arákùnrin òbí Ulam kan máa ń yá owó lọ́wọ́ ẹbí láti fi lọ síbẹ̀. Ní 1949, Metropolis àti Ulam tẹ àpilẹ̀kọ jáde tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe àkọlé.

Ìgbà mélòó ló tó kí a tó lè gbára lé iye tí a kà? Ẹnìkan láti Áfíríkà bá wa dáhùn ìyẹn. John Kerrich, olùkọ́ ìṣirò ní Gúúsù Áfíríkà, wà ní Denmark ní 1940 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ibẹ̀. Wọ́n sé e mọ́ àgọ́. Níbẹ̀ ló ti ju owó ẹyọ sókè nígbà 10,000, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà 100, orí ti yọ nígbà 44. Lẹ́yìn 1,000, ó jẹ́ 502. Lẹ́yìn 10,000, ó jẹ́ 5,067. Ẹ rí i pé lẹ́yìn tó kúrò ní 44 nínú ọgọ́rùn-ún, ìtòsí ìdajì ló dúró sí. Òfin rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí àṣìṣe dín sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin ni kí ẹ fi ìgbà tí ẹ ṣẹ́ gègé ṣe. Bí ohun kan bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà kan nínú méjì, gègé ìgbà ọgọ́rùn-ún lè fi nǹkan bíi mẹ́wàá ṣìnà sókè tàbí sísàlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà 10,000 kò ní fi ju bí ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá wo ọdún méjì tàbí mẹ́ta péré lóko bàbá rẹ̀, tó wá ń sọ pé “òjò kì í tàn wá jẹ níbí”, kò tíì wò ó tó.

Ojú mẹ́jọ, ọmọ mẹ́rin

Mo fẹ́ kúrò lóko wá sí ilé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù.

Ẹ wo ọpọ́n Ifá. Babaláwo á kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́, á fi ọwọ́ kejì gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sórí ìyẹ̀rọ̀sùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan. Báyìí ni yóò ṣe títí ojú mẹ́jọ yóò fi pé, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì tó lè gbà jáde. Bí ẹ bá sọ 2 di ìlọ́po léraléra títí ojú mẹ́jọ fi pé, 256 ni ẹ ó bá, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, iye odù Ifá gẹ́lẹ́. Lójú onífá, Ọ̀rúnmìlà ló ń fọhùn níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣèèṣì, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́. Ìṣirò tó wà nínú àwòrán náà ni mo fẹ́ yá lò, nítorí àwọn baba wa ti mọ iye tí ojú mẹ́jọ ń bí tipẹ́tipẹ́.

Ẹ wá ronú nípa ọkọ àti aya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Ọmọ tí wọ́n bá bí, baba yóò fún un ní A tàbí S, ìyá náà yóò fún un ní A tàbí S, ìdajì ìdajì ni àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá fún un ní S, ọmọ náà yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ jẹ́ kí apá ọ̀tún jẹ́ ti baba, kí apá òsì jẹ́ ti ìyá. Ìlà kan jẹ́ A, ìlà méjì jẹ́ S. Ìpele òkè ni ọmọ àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ni ọmọ kejì, títí dé ọmọ kẹrin nísàlẹ̀. Ojú mẹ́jọ, ọmọ mẹ́rin! Gbogbo ọ̀nà tí ọmọ mẹ́rin lè gbà wá sílé AS àti AS jẹ́ 256, iye kan náà pẹ̀lú àwòrán odù. Àwòrán tó jẹ́ ìlà kan látòkè délẹ̀, èyí tí ó dà bí Èjì Ogbè, dúró fún ọmọ mẹ́rin tí gbogbo wọn jẹ́ AA. Àwòrán tó jẹ́ ìlà méjì látòkè délẹ̀ dúró fún ọmọ mẹ́rin tí gbogbo wọn jẹ́ SS. Ìṣirò nìkan ni mo ń sọ o. Kò kan ohun tí odù kankan ń wí.

Ẹ ka àwọn 256 yìí. Nínú 81, kò sí ọmọ SS kankan. Nínú 108, ọ̀kan ni. Nínú 54, méjì ni. Nínú 12, mẹ́ta ni. Nínú ẹyọ kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Èyí já sí pé bí ọgọ́rùn-ún tọkọtaya irú èyí bá bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bíi 68 nínú wọn ni yóò ní ó kéré tán ọmọ kan tó ń ṣàìsàn náà, nǹkan bíi 32 ni yóò sì bọ́ pátápátá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè ṣẹ́ gègé: nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì jẹ́ A, èyí tí kò ṣeé pín jẹ́ S, gègé mẹ́jọ fún ìdílé kan.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni gbólóhùn kan tó ti da ọ̀pọ̀ ilé rú. Wọ́n á sọ fún tọkọtaya nílé ìwòsàn pé “ọ̀kan nínú mẹ́rin” ni, wọ́n á sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ìpín ni wọ́n pín in: bí àkọ́bí bá ti gba ti SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gègé kì í rántí. Ìwé tí ẹ dá padà sínú igbá kò mọ èyí tó jáde lánàá, ẹ̀jẹ̀ òbí náà kò sì mọ ọmọ tí wọ́n ti bí. Tọkọtaya tí àkọ́bí wọn jẹ́ SS, tí wọ́n tún bí mẹ́ta sí i, 37 nínú 64 ni àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà yóò tún jẹ́ SS, ìyẹn ju ìdajì lọ. Bákan náà, tọkọtaya AS tí ọmọ wọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yè kooro kò tíì “já a”. Ti ìkẹrin ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin.

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ní AS. Bí ọ̀dọ́ méjì bá pàdé láìbèèrè, nǹkan bíi tọkọtaya kan nínú mẹ́rìndínlógún ni yóò jẹ́ AS àti AS. Láyé àtijọ́, àwọn kan lára ọmọ tí ilé ń sọ lórúkọ àbíkú lè jẹ́ ọmọ tí àrùn yìí pa, ìyá wọn sì lè ru ẹ̀bi rẹ̀. Lónìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló tó láti mọ ohun tó wà nínú igbá kí a tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bọ́ọ̀lù kò ní ìrántí

Ní Ẹgbẹ́dá, ní Àkànràn, ní Mọ́níyà, ó ṣòro kí ènìyàn rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí wọ́n ti ń ta lótò. Bọ́ọ̀lù 90 ni, márùn-ún ni wọ́n máa ń mú. Àwọn ènìyàn á jókòó ti ìwé tí èsì àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa fa ìlà láti nọ́ńbà kan sí èkejì, wọ́n á ní ó kan 17, wọ́n á ní 42 ti pẹ́ tó ti wọlé.

Ẹni tó bá mú nọ́ńbà méjì, tó ń retí kí méjèèjì wà nínú márùn-ún náà, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ọ̀nà 4,005 ló wà láti mú nọ́ńbà méjì nínú 90, mẹ́wàá péré nínú wọn ló ń jẹ. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìgbà kan nínú 400. Ká ní wọ́n ń san 240 náírà lórí náírà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá jẹ. Ẹni tó ta ọgọ́rùn-ún náírà nígbà 400 ti ná 40,000. Iye tí ó lè retí pé yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 24,000. Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ta á nígbà 400 bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 37 nínú wọn kò ní jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A kì í gbọ́ ohùn àwọn 37 wọ̀nyí ládùúgbò. Ẹni tó jẹ ló ń kígbe.

Ẹ kọ 1 dé 90 sórí ìwé, ẹ mú márùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá wọn padà, ẹ tún mú. Lẹ́yìn ìgbà ogún, ẹ fi èsì yín han ẹni tó máa ń fa ìlà. Yóò rí ìlà fà nínú tiyín náà, yóò rí nọ́ńbà tó “ti pẹ́”, yóò sì rí èyí tó “ń tẹ̀ léra”. Igbá yín ni wọ́n ti jáde, ẹ̀yin tìkára yín lẹ mú wọn, ẹ sì mọ̀ pé kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Owó àgbàdo tí a fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ fún kò yẹ kó bá irú ìlà bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ wa

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ gègé yìí fún àwọn onímọ̀ báyìí, nígbà àràádọ́ta ọ̀kẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú rẹ̀, ìṣirò ló ń bí àwọn nọ́ńbà náà. Von Neumann ní ọ̀nà kan tí ọmọ iléèwé lè fi bírò ṣe: ẹ mú 5731, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ó rí 32,844,361, ẹ mú mẹ́rin tó wà láàárín, 8443. Ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 71,284,249. Ẹ mú 2842. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ọ̀nà náà ní àbùkù, nítorí nígbà mìíràn ó ń parí sí òdo, ìdí nìyẹn tí àwọn tó tẹ̀ lé e fi wá èyí tó dára jù ú lọ. Ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń lò pàápàá ní bọ́tìnnì tó ń mú nọ́ńbà àìsọtẹ́lẹ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ibi púpọ̀ lágbàáyé sì ń fi irú òfin òjò àti ọ̀dá tí a lò lókè yìí dá ojú ọjọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ irú àgbàdo tó yẹ àdúgbò kan. Ìlú Ìbàdàn kò jìnnà sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀: láti 1967 ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà lágbègbè Akínyẹlé, Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí, NiMet, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó bá wọ inú igbá ló ń bí èyí tó ń jáde. Mo gbà lókè pé òjò ń tẹ̀ lé òjò nígbà márùn-ún nínú mẹ́wàá ní oṣù Ẹrẹ́nà. Bí ti abúlé yín bá jẹ́ mẹ́ta tàbí méje, 43 wa yóò yí padà. Ẹni tó bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, irọ́ ni gègé yóò máa ka fún un nígbà ẹgbẹ̀rún. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan ní Amẹ́ríkà tó mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ sí oko kan pàtó ní Èrúnmu tàbí ní Bádẹ́kù. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló lè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni pé kí ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé òjò kan. Láti àkọ́rọ̀ ọdún yìí, kí ọmọ kan máa kọ ọ́ lárààárọ̀ bóyá òjò rọ̀ lánàá tàbí kò rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni lójúmọ́. Bí ọdún bá yí po, kí wọ́n ka iye ìgbà tí òjò tẹ̀ lé òjò àti iye ìgbà tí òjò tẹ̀ lé ọ̀dá. Kí ìwé náà má parí pẹ̀lú kíláàsì kan. Kí àbúrò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, abúlé yẹn yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ yóò sì lè jókòó pẹ̀lú baba wọn lórí ẹní lálẹ́, pẹ̀lú igbá àti ìwé pélébé mẹ́wàá, kí wọ́n dán ọgọ́rùn-ún ọdún wò kí wọ́n tó ju irúgbìn kan sí ilẹ̀.

Gègé kò ní sọ èyí tó jẹ́ tiwa nínú ọgọ́rùn-ún náà fún wa. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé 43 ló wà nínú igbá kò ní gbin oko rẹ̀ bí ẹni tó rò pé 9 ni.